Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ láíbìrì Haskell fún èdè Yorùbá n'Íbàdàn

Ẹ̀yin àbúrò wa ní Àgbowó, ní Sámọ́ńdà, ní Bódìjà, àti níbikíbi tí ẹ bá ti ń kọ kóòdù n'Íbàdàn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìnáwó dátà. A gbọ́ pé ẹ ti dáwọ́ lé láíbìrì tí yóò máa gba ọ̀rọ̀ Yorùbá wọlé, tí yóò máa tò ó, tí yóò sì máa wá a nínú Haskell, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Inú wa dùn sí i púpọ̀. Ìta gbangba la kọ lẹ́tà yìí sí, torí pé ohun tí yóò dí yín lọ́wọ́ kò ní ṣàì dí ẹlòmíràn lọ́wọ́ lọ́la.

Ẹ̀sùn tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu àwọn tó ti gbìyànjú rẹ̀ ni pé GHC, kọ̀ǹpáílà tó ń sọ kóòdù Haskell di ètò, ò gbọ́ Yorùbá, pé ó ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́. Bí ẹ bá tú ẹ̀sùn náà wò dé ìdí, ẹ ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ GHC, tàbí pé láíbìrì fúnra rẹ̀ fi ihò sílẹ̀ tí ọ̀rọ̀ àìfọ̀ ń gbà wọlé. Ohun kan ṣoṣo la wá fi bẹ̀ yín: ẹ ṣe ẹnu ọ̀nà kan fún ọ̀rọ̀, ẹ fọ̀ ọ́ níbẹ̀, kí ẹ sì di gbogbo ihò yòókù pa. Kọ̀ǹpáílà yóò bá yín ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà bí ẹ kò bá fọwọ́ ara yín já ìlẹ̀kùn.

Ẹ wo lẹ́tà kan ṣoṣo, ẹ́, bí a ṣe ń kọ ọ́. Unicode, ìlànà tó fún lẹ́tà gbogbo èdè ní nọ́ńbà, ní nọ́ńbà fún ẹ (U+1EB9, èyí tí Haskell ń kọ ní 7865), ó sì ní fún é (233). Kò ní nọ́ńbà kankan fún ẹ́ lódindi. Nítorí náà kíbọ́ọ̀dù kan lè kọ ẹ kí ó fi àmì ohùn òkè 769 tẹ̀ lé e. Òmíràn lè kọ e lásán, kí ó fi àmì abẹ́ 803 sí i, kí ó tó kan 769. Òmíràn tún lè mú é tó ti ní àmì lórí, kí ó wá fi 803 há a lábẹ́. Lójú, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Lọ́dọ̀ `==` ti Data.Text (ibi tí Text, irú tí a fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀, ti wá), ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, torí nọ́ńbà ló ń fi wé nọ́ńbà, kò sì béèrè ìtumọ̀ kankan. Ẹ fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe kọ́kọ́rọ́ nínú Data.Map (àtẹ tí a fi kọ́kọ́rọ́ ń wá nǹkan nínú rẹ̀), ẹ ó bá ọ̀rọ̀ kan náà nínú yàrá mẹ́ta.

Ọ̀nà àbáyọ fún ìyẹn ti wà: `normalize NFC` láti inú pákẹ́ẹ̀jì unicode-transforms. NFC ni ìlànà Unicode tó ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀ di nọ́ńbà kan níbi tó bá ti ṣeé ṣe. Gbogbo àwọn tí a kà sókè yìí ni yóò di 7865 tí 769 tẹ̀ lé. Text-icu náà lè ṣe é, ṣùgbọ́n ICU, láíbìrì Unicode tí a fi èdè C kọ, ló gbé ẹrù lé lórí, ẹni tó bá fẹ́ lo láíbìrì yín gbọ́dọ̀ ti fi libicu-dev sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí ó tó lè kọ́ ọ. Unicode-transforms, Haskell ni látòkè délẹ̀. Òun la fọwọ́ sí fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò fura sí ni èyí: NFC nìkan kò tó fún Yorùbá. Ìwé púpọ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a kò fi àmì kókó kọ ẹ, ọ, ṣ inú wọn. Ìlà kékeré tó dúró ṣánṣán, U+0329, nọ́ńbà 809, ni wọ́n fi sábẹ́ lẹ́tà. Lọ́dọ̀ Unicode, 809 àti 803 kì í ṣe ẹbí kan náà rárá, NFC kò sì ní so wọ́n pọ̀ láé. Ẹ̀yin lẹ gbọ́dọ̀ sọ ìkan di èkejì kí ẹ tó fọ̀ ọ́:

    newtype Yoruba = Yoruba Text

    fo :: Text -> Yoruba
    fo = Yoruba . normalize NFC . T.map abe
      where
        abe '\809' = '\803'
        abe c      = c

Ẹ jẹ́ kí ó ṣẹlẹ̀ ní ìtò yẹn, kí àyípadà 809 ṣáájú NFC. Bí ẹ bá yí i padà, e tó ní 803 lẹ́yìn ìfọ̀ yóò wà bẹ́ẹ̀ láìdi ẹ, ẹ ó sì tún máa wá ìdí tí ọ̀rọ̀ méjì kò fi bá ara wọn mu.

Kí ni NFC fi sàn ju NFD, èyí tó ń tú lẹ́tà àti àmì ká, lọ? Nínú NFC, ẹ, ọ àti ṣ jẹ́ Char kan ṣoṣo (Char ni ẹyọ nọ́ńbà kan nínú ọ̀rọ̀), ẹ lè dárúkọ wọn nínú pátánì. Ní ti àyè, ọ́ gba báìtì márùn-ún nínú UTF-8 lọ́nà méjèèjì (3 àti 2 ní NFC, 1, 2 àti 2 ní NFD). Ṣùgbọ́n lẹ́tà ó gba 2 ní NFC, 3 ní NFD, fáwẹ́ẹ̀lì olóhùn sì pọ̀ nínú ìwé wa.

Pẹ̀lú NFC náà, ẹ má ṣe ka Char bí ẹni ń ka lẹ́tà. `T.length` fún ọjọ́ jẹ́ 4, nígbà tí ọmọ aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ka 3. `T.take 3` yóò gé ohùn kúrò lórí rẹ̀, yóò di "ọjọ". `T.reverse` yóò gbé ohùn náà lọ sí iwájú, níbi tí kò ti ní fáwẹ́ẹ̀lì tí yóò jókòó lé. Ẹ kọ́kọ́ pín ọ̀rọ̀ sí lẹ́tà pẹ̀lú `T.groupBy (\_ c -> isMark c)`, kí gígé àti kíkà tó bẹ̀rẹ̀. Ìlà kan náà ni, ó sì tó. Gb nìkan ni ẹ ó tún fi ọwọ́ so pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Nípa isMark, fọ́ńkíṣọ̀n inú Data.Char tó ń dá àmì tó dá dúró mọ̀, ẹ ṣọ́ra fún `T.filter isAlpha`, èyí tó máa ń wà nínú gbogbo kóòdù tí a jí wá láti inú àpẹẹrẹ Gẹ̀ẹ́sì. Àmì ohùn tó dá dúró kì í ṣe alpha lójú Data.Char, nítorí náà ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yóò di ọkọ kan ṣoṣo: ọkọ ìyàwó, ọkọ́ tí a fi ń ro oko, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Dùgbẹ̀, àti ọ̀kọ̀ ológun. Bí ọ̀rọ̀ náà bá wà ní NFD, àmì abẹ́ náà yóò lọ, gbogbo wọn yóò di oko. Èyí tó mú kí àṣìṣe yìí pẹ́ kí a tó rí i ni pé bàtà àti ìlú kò ní yí padà, torí à, ì àti ú ní nọ́ńbà tiwọn nínú NFC. Ẹni tó bá fi bàtà dán kóòdù wò yóò rò pé ó pé. `isAlpha c || isMark c` ni kí ẹ kọ.

Ẹ jẹ́ ká wá kan àwọn ìwà GHC tó ń ya ènìyàn lẹ́nu.

Bí ẹ bá kọ `'ẹ́'` sínú kóòdù bí Char, GHC yóò sọ pé `Syntax error`, yóò sì bi yín bóyá Template Haskell, àfikún GHC tí kóòdù fi ń kọ kóòdù, lẹ fẹ́ lò. Kí ló kan Template Haskell níbẹ̀? GHC rí àmì `'`, ó rí ẹ, ó ń retí `'` mìíràn kó pa á dé. 769 ló bá. Ó wá gbà pé `'` àkọ́kọ́ ni èyí tí Template Haskell fi ń tọ́ka sí orúkọ, àti pé orúkọ tí ẹ ń tọ́ka sí ni ẹ́ pẹ̀lú `'` nídìí, torí àmì ohùn àti `'` méjèèjì lè wà nínú orúkọ. Àṣìṣe kan náà yóò yọjú lórí `'ẹ'` tí kò tilẹ̀ ní ohùn bí editor yín bá fi fáìlì pamọ́ ní NFD. Nínú àwọn tábìlì tó ṣe pàtàkì, ẹ kọ `'\7865'`, `'\7885'` àti `'\7779'` fún ẹ, ọ, ṣ, kí ẹ sì fi kọ́mẹ́ǹtì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò sí editor tó lè bà á jẹ́.

Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe fi àmì ohùn sí orúkọ fọ́ńkíṣọ̀n tí ẹ ń fi ránṣẹ́ síta. GHC gbà á. Àmọ́ kì í fọ orúkọ: `ọjọ́` tí ẹ kọ ní NFC àti `ọjọ́` tí òǹlò kọ ní NFD, orúkọ méjì ni, yóò sì rí `Variable not in scope` níwájú orúkọ tó rí i pé òun kọ dáadáa. Ìdí nìyí tí fọ̀ fi di `fo` nínú àpẹẹrẹ wa. Ó dùn wá láti sọ ọ́, àmọ́ orúkọ láìsí àmì ni kí ó wà nínú kóòdù, kí Yorùbá tó pé, tó lámì, wà nínú àlàyé tí Haddock ń sọ di ìwé ìtọ́nisọ́nà. Haddock kò ní bà á jẹ́.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni `print`. Ẹni tó bá tẹ `print "ọjọ́"` yóò rí `"\7885j\7885\769"`, yóò sì pariwo pé Haskell ti ba Yorùbá jẹ́. Kò bà á jẹ́. `show` ń kọ ọ̀rọ̀ lọ́nà tí a fi lè lẹ̀ ẹ́ padà sínú kóòdù, ohun gbogbo tó bá ju 127 lọ ló sì ń sọ di nọ́ńbà. Bí nọ́ńbà bá tún tẹ̀ lé e, bíi "ọ5", ẹ ó rí `\7885\&5`; `\&` yẹn kò jámọ́ nǹkan kan, ààlà ni, kí 5 má baà wọ inú 7885. `T.putStrLn` ni kí ẹ lò bí ẹ bá fẹ́ kí ènìyàn kà á.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló burú jù nínú gbogbo wọn, torí kì í pariwo. Bí OverloadedStrings (àfikún GHC tó ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tí a kọ sínú kóòdù di irú mìíràn yàtọ̀ sí String) bá wà lórí, tí ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá síbi tí GHC ń retí ByteString (àkójọ báìtì lásán), kò sí àṣìṣe, kò sí ìkìlọ̀. Bit 8 tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nìkan ló máa mú. Nọ́ńbà ṣ ní hẹ́kìsì ni 1E63. 63 sì ni c. Nítorí náà iṣu yóò di `icu`. Bí ó bá wà ní NFD, àmì abẹ́ 0323 yóò di 23, èyí tíí ṣe `#`, iṣu yóò wá di `is#u`. Bí ẹ bá rí c tàbí # níbi tí ṣ yẹ kó wà, ẹ má ṣe wá a lọ sí dátábéèsì. Ibi tí ẹ ti lo ByteString fún ọ̀rọ̀ ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò. `encodeUtf8` lórí Text nìkan ni ọ̀nà tó tọ́ láti dé ByteString.

A padà sí ẹnu ọ̀nà. Ẹ ti ní newtype (irú tuntun tí a fi bo irú àtijọ́), ẹ ti ní `fo`. Ẹ má ṣe kọ constructor náà (`Yoruba` tí a fi ń bo Text) sí àtòkọ ohun tí mọ́dúlù ń fi síta: `Yoruba`, kì í ṣe `Yoruba(..)`. Lẹ́yìn ìyẹn, ihò tó kù wà nínú `deriving`, níbi tí GHC ti ń bá wa kọ instance fúnra rẹ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ láíbìrì ti ń jò.

`deriving newtype IsString` dùn ún kọ, ṣùgbọ́n IsString ti Text ló yá, ọ̀rọ̀ yóò wọlé láìgba ọ̀dọ̀ `fo` kọjá. FromJSON ti aeson náà bẹ́ẹ̀. Read náà bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ wọ́n fúnra yín: `fromString = fo . T.pack`, àti `parseJSON v = fo <$> parseJSON v`. Semigroup, èyí tó ń so nǹkan méjì pọ̀, ló fara sin jù. Ọ̀rọ̀ méjì tó mọ́ lè bí ọ̀rọ̀ tí kò mọ́ bí a bá so wọ́n pọ̀: "o" mọ́, "\803" tó dá wà mọ́, àmọ́ ìsopọ̀ wọn kì í ṣe NFC, torí ọ ló yẹ kó jẹ́. Nítorí náà:

    instance Semigroup Yoruba where
      Yoruba a <> Yoruba b = fo (a <> b)

    instance Monoid Yoruba where
      mempty     = Yoruba T.empty
      mconcat ys = fo (T.concat [t | Yoruba t <- ys])

Ẹ má fojú fo `mconcat` yẹn. Bí ẹ kò bá kọ ọ́, èyí tí GHC yóò lò ni yóò máa fọ gbogbo ìyókù ọ̀rọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá so ẹyọ kan mọ́ ọn, iṣẹ́ náà yóò sì máa wú bí ìlọ́po iye ẹyọ náà lọ́nà ara rẹ̀. Lórí ìlà mẹ́wàá ẹ kò ní mọ̀ ọ́n. Lórí odindi ìwé ìròyìn, ẹ ó mọ̀ ọ́n.

Eq nìkan ni a lè fi sílẹ̀ fún `deriving newtype`, torí lẹ́yìn ìfọ̀, ìfiwéra nọ́ńbà ti tọ́. Kí ẹ sì máa dárúkọ ọ̀nà náà nígbà gbogbo, `deriving newtype` tàbí `deriving stock`. Bí DeriveAnyClass àti GeneralizedNewtypeDeriving bá jọ wà lórí, tí ẹ kò sì sọ èyí tí ẹ fẹ́, GHC yóò yan DeriveAnyClass, yóò kìlọ̀, ìkìlọ̀ náà yóò sì sọnù láàárín ogún mìíràn.

Ord, èyí tó ń sọ bí a ṣe ń to nǹkan, ni iṣẹ́ gangan tó mú kí láíbìrì yín ṣe pàtàkì. Ẹ mú orúkọ àdúgbò Ìbàdàn wọ̀nyí, kí ẹ tò wọ́n pẹ̀lú `sort` lásán lórí Text: Àpáta, Bódìjà, Ẹlẹ́yẹlé, Gbági, Mọ́kọ́lá, Òjé, Ọjà-Ọba, Ṣàngó, Yemẹtu. Ohun tí yóò jáde ni Bódìjà, Gbági, Mọ́kọ́lá, Yemẹtu, Àpáta, Òjé, Ṣàngó, Ẹlẹ́yẹlé, Ọjà-Ọba. À jẹ́ 192, Ò jẹ́ 210, Ṣ, Ẹ àti Ọ wà láàárín 7778 sí 7884, Y sì jẹ́ 89. Bí ẹ bá sọ gbogbo rẹ̀ di NFD kí ẹ tó tò ó, yóò tọ́ pátápátá, ọ̀pọ̀ sì máa ń dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ayọ̀. Ẹ má dúró. Ẹ fi òjò àti oyin sí i: oyin yóò ṣáájú òjò, torí àmì ohùn tó wà lẹ́yìn o ju y lọ. Ẹ fi gúnugún àti gbogbo sí i: gbogbo yóò ṣáájú, torí b ṣáájú u, nígbà tó jẹ́ pé nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa tó ní lẹ́tà 25, gbogbo g ló gbọ́dọ̀ tán kí gb tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́tà ló ń ṣáájú. Ohùn kì í dá sí i àyàfi bí lẹ́tà gbogbo bá dọ́gba.

Òfin yìí ti wà nínú dátà CLDR (àkójọ òfin èdè lọ́dọ̀ Unicode) fún `yo`, ìyẹn Yorùbá, pákẹ́ẹ̀jì unicode-collation sì gbé e wọ Haskell láìsí C kankan. Pẹ̀lú OverloadedStrings:

    yo :: Collator
    yo = collatorFor "yo"

    instance Ord Yoruba where
      compare (Yoruba a) (Yoruba b) =
        collate yo a b <> compare a b

Ẹ fi `yo` sí òkè pátápátá inú mọ́dúlù bí a ti kọ ọ́ yìí, kí a lè kọ́ collator náà lẹ́ẹ̀kan péré. Kí ni `<> compare a b` wá ń ṣe níbẹ̀? Data.Map kì í lo `==`; `compare` nìkan ló ń lò. Bí `compare` bá fún ọ̀rọ̀ méjì tó yàtọ̀ ní EQ, èyí tó dé gbẹ̀yìn yóò pa ti ìṣáájú rẹ́, kò sì sí ẹni tí yóò sọ fún yín. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kankan kò fi gbọ́dọ̀ kọ Ord tó fojú fo ohùn "kí ìwákiri lè rọrùn". Fún ìwákiri, ẹ ṣe irú mìíràn, newtype mìíràn, tí a ti bọ́ àmì kúrò lára rẹ̀, kí orúkọ rẹ̀ sì sọ bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ náà ni kí ẹ ti sọ `’` tí fóònù ń tẹ̀ nínú n’Íbàdàn di `'`. Ẹ má ṣe é nínú `fo`. Ohun tí òǹkọ̀wé kọ ni kí ẹ tọ́jú.

Bí ẹ bá ń to àtòkọ gígùn, ẹ mọ̀ pé `sortBy (comparing f)` ń ṣe `f` ní gbogbo ìgbà tí a bá fi ẹyọ méjì wéra, `sortOn f` sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan fún ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó ń tọ́jú èsì.

Níbí yìí kọ̀ǹpáílà ṣe ohun kan tó wú wa lórí. Bí ẹ bá fẹ́ fi `coerce` (tó ń yí irú padà láìfọwọ́ kan dátà) sọ `Map Text Int` di `Map Yoruba Int` láti yẹra fún iṣẹ́, GHC yóò kọ̀ jálẹ̀, yóò ní `Text` kò bá `Yoruba` mu. Ẹ má ṣe bá a jà. Igi inú Map ni a tò pẹ̀lú Ord ti Text. Bí a bá kàn yí orúkọ rẹ̀ padà, ìwákiri yóò gba ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kò sí. Àwọn tó kọ containers ti sọ fún GHC pé kọ́kọ́rọ́ Map jẹ́ nominal, ìyẹn ni pé a kò gbọ́dọ̀ fi irú kan rọ́pò òmíràn níbẹ̀. Bí ẹ bá kọ irú tiyín lórí Vector tí a ti tò, GHC kò lè mọ̀ pé ìtò wà níbẹ̀. Ẹ fi `type role` sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ locale, ètò èdè àti ọ̀nà ìkọ tí kọ̀ǹpútà ń lò, kò gùn. Lórí kọ̀ǹpútà yín, LANG ní UTF-8, gbogbo nǹkan ń lọ. Ẹ gbé ètò náà sínú Docker tàbí cron tí LANG kò sí, yóò kú láàárín gbólóhùn pẹ̀lú `commitBuffer: invalid argument`, tí yóò sì dárúkọ `'\7885'` bí GHC bá jẹ́ tuntun. Nígbà kíkà, ẹ lè rí `cannot decode byte sequence starting from 225`. Ẹ má rò pé á ló fà á torí nọ́ńbà á jẹ́ 225. Báìtì àkọ́kọ́ nínú ẹ, ọ àti ṣ lódindi ni 225. Ètò lè fi `setLocaleEncoding utf8` sí ìbẹ̀rẹ̀ `main`. Láíbìrì kò gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, torí ilé onílé ni. Ẹ gba ByteString lọ́wọ́ òǹlò, ẹ lo `decodeUtf8'` tó ń dá Either padà, kí ẹ sì yọ `'\65279'` kúrò níwájú bí ó bá wà. Notepad ti Windows lè fi í síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú fáìlì kò sì ní bá ohunkóhun mu láé.

Nípa yíyára: ẹ má ṣe fi String ṣe ìpìlẹ̀ ohunkóhun. Lórí kọ̀ǹpútà bit 64, cons kọ̀ọ̀kan (ìdè kan nínú àtòkọ Char tí String jẹ́) gba báìtì 24. Char tí nọ́ńbà rẹ̀ kò bá ju 255 lọ, GHC ní ẹ̀dà kan tí gbogbo ètò jọ ń pín, nítorí náà a àti á kò náni ju 24 lọ. Ẹ, ọ, ṣ àti àmì ohùn tó dá dúró kò sí nínú àwọn tí à ń pín. 16 mìíràn ni lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, 40 lápapọ̀. Nínú Text, láti text 2.0 tó jáde ní 2021 tó sì gbé UTF-8 wọ inú rẹ̀, báìtì 3 ni lẹ́tà ẹ ń gbà. Yorùbá ń san owó String ju Gẹ̀ẹ́sì lọ.

INLINE, àṣẹ tó ní kí GHC tú fọ́ńkíṣọ̀n sílẹ̀ níbi tí a ti pè é, náà ní ìwà tirẹ̀. GHC ń ka iye àgùmẹ́ńtì tó wà lápá òsì `=`, kò sì ní tú fọ́ńkíṣọ̀n náà sílẹ̀ àyàfi bí òǹlò bá fún un níye yẹn pé. Bí ẹ bá kọ `f x y = ...` tí òǹlò sì kọ `map (f x)`, INLINE yín kò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ ní `f x = \y -> ...`, yóò ṣiṣẹ́.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé àkójọ ọ̀rọ̀ wọ inú láíbìrì, bí ọ̀rọ̀ 20,000, ẹ má ṣe kọ ọ́ bí `Map.fromList` gígùn nínú fáìlì .hs. GHC yóò gba ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìtúmọ̀ tó yẹ kó tún ṣe, OverloadedStrings yóò sì fi `fromString` kan kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà oní-RAM 4GB yóò dúró gbagidi. Ẹ fi àkójọ náà sínú fáìlì tirẹ̀, ẹ fi file-embed gbé e wọlé bí báìtì, kí ẹ tú u nígbà tí ètò bá kọ́kọ́ nílò rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ fáìlì náà sí `extra-source-files`, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, láíbìrì yóò kọ́ dáadáa lọ́dọ̀ yín, yóò sì kùnà lọ́dọ̀ gbogbo ẹni tó bá gbà á láti Hackage, ibi ìkójọ pákẹ́ẹ̀jì Haskell.

Bí iná bá já lójú iṣẹ́, tí ẹ sì rí `magic number mismatch: old/corrupt interface file?` nígbà tó dé, fáìlì .hi kan ló kọ ìdajì. Ẹ pa `dist-newstyle` rẹ́; ẹ má fọwọ́ kan GHC. Fún ọ̀ràn dátà, ẹ fi cabal, irinṣẹ́ tó ń kọ́ ètò Haskell, ṣe `cabal build all --enable-tests --only-download` níbi tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dára, kí ẹ sì lo `--offline` nílé. Bí ẹ bá gbàgbé `--enable-tests`, QuickCheck, láíbìrì ìdánwò, kò ní bá yín wálé.

QuickCheck yẹn, ẹ má ṣe fi Arbitrary ti Char dán Yorùbá wò; ó lè pẹ́ gan-an kí ó tó gbé ọ̀ tó pé jáde. Ẹ kọ Gen tó ń mú lẹ́tà láti inú 25, tó ń fi 803 tàbí 809 sí abẹ́, tó ń fi 768 tàbí 769 sí orí, tó sì ń da ìtò àwọn àmì náà rú. Kí ẹ wá béèrè pé: ṣé ìfọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì dọ́gba pẹ̀lú ẹ̀ẹ̀kan? Ṣé `compare a b == EQ` bá `a == b` mu? Ṣé `a <> b` ṣì mọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe pẹ̀lú `LC_ALL=C cabal test`.

Ohun tó ṣiṣẹ́ nínú ghci tó sì kọ̀ nínú cabal, èdè ló sábà máa ń fà á: láti GHC 9.2, GHC2021 ni ghc tí ẹ pè tààrà ń lò, bẹ́ẹ̀ fáìlì .cabal yín lè ti kọ `default-language: Haskell2010`. OverloadedStrings kò sí nínú méjèèjì. Ẹ kọ àwọn àfikún sí orí mọ́dúlù kọ̀ọ̀kan.

Orúkọ pákẹ́ẹ̀jì lórí Hackage kò gba àmì Yorùbá rárá. Ẹ fi ààlà òkè sí base (4.16 ni ti GHC 9.2, 4.20 ni ti 9.10), torí ẹ lè sún ààlà náà síwájú lẹ́yìn náà láìgbé ẹ̀dà tuntun jáde. Ohun tí ẹ kò lè ṣe ni kí ẹ pa ẹ̀dà tó ti jáde rẹ́. `cabal check` ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà `cabal sdist`, kí ẹ tú fáìlì tó jáde sí ibòmíràn kí ẹ sì kọ́ ọ láti ibẹ̀. `cabal upload` láìsí `--publish` yóò gbé e síta bí candidate, tí ẹnikẹ́ni lè kà kí ó tó di ti ayé. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. A ó kà á láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìparí, a ó sì fi Ọjà-Ọba tí a kọ lọ́nà mẹ́rin dán an wò.

Àwa ẹ̀gbọ́n yín nídìí Haskell,
Ìbàdàn